Kí Ló Ń Sọ Ife Bàbá Di Omi?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá mi ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé n kì í fi nọ́ńbà ṣeré. Nínú láàbù wa, Sẹ́kọ́ndì ni wọ́n ń pè mí, kì í sì í ṣe pé wọ́n fi ń yìn mí. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo bí omi ṣe ń ṣàn kọjá nínú túùbù onígíláàsì kan tí inú rẹ̀ tín-ín-rín bí ihò abẹ́rẹ́. Bí omi bá dé ìlà òkè, mo tẹ aago. Bó bá dé ìlà ìsàlẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ó gbà "tó bí ọgọ́rùn-ún sẹ́kọ́ndì", màá bi í pé èwo ni "tó bí"? Ṣé ó tó ni àbí kò tó? Irú obìnrin tí mo jẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí mo bẹ̀ pé kó fẹ́ràn mi.

Ìyẹ̀fun kan ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe. Ó funfun, kò lóòórùn. Bí o bá po ṣíbí rẹ̀ kan mọ́ ife omi kan, tí o fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, omi náà á ki bí oyin. Àwọn tí ọ̀fun wọn ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń lò ó, àwọn tí omi lásán máa ń sáré jù fún, táá fi ṣìnà gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó bá ki kì í sáré, ó máa ń dúró de ọ̀fun. Ohun tó sì ń mú un ki ni à ń pè ní pọ́límà: àwọn ẹ̀wọ̀n tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí, tí wọ́n gùn gbọọrọ, tí wọ́n ń lọ́ mọ́ra wọn nínú omi. Bí ẹ̀wọ̀n náà bá ṣe gùn sí ni omi á ṣe ki sí. Sítáàṣì ni tiwa.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi wọn ìyẹ̀fun yìí fún àwọn tí n ò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá mi. Apá ọ̀tún wọn rọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn di kọ̀ọ̀kan-kọ̀ọ̀kan, dókítà ọ̀fun sì ní wọn ò gbọdọ̀ mu omi lásán mọ́. Bí agolo ìyẹ̀fun wa ṣe wọ ilé ìdáná Màmá mi nìyẹn. Kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ń wo agolo yẹn lórí pẹpẹ, mò ń rò ó pé ọwọ́ mi ló wọ̀n ọ́n, kò sóhun tó lè ṣe Bàbá.

Kò pé oṣù kan tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbàkígbà tí Bàbá bá ń mu nǹkan, tó bá kù díẹ̀ kí ife tán, á pá wọn lórí, wọ́n á máa wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àyà wọn ti ń dún hàn-ìn hàn-ìn, ara wọn sì gbóná. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ọ̀fun. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó gbọ́ àyà Bàbá tán, ó kọ oògùn, ó wá jókòó sí iwájú wọn gan-an.

"Bàbá, omi ń wọ ẹ̀dọ̀fóró yín. Ọ̀sẹ̀ méjì sí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ẹ padà wá kí n yẹ̀ yín wò. Tí àyà yín bá mọ́, kò sí wàhálà. Tí ò bá mọ́, a ò ní lè fi ẹnu bọ́ yín mọ́. Rọ́bà la máa kì gba imú yín lọ sí ikùn."

Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì tó ṣẹ́ kù fún wọn, wọ́n fi bo imú wọn bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ rọ lágbo. Wọ́n ò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí a fi délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo da ohun tó ṣẹ́ kù nínú ife wọn sínú fúláàsì, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ẹnì kejì mi nínú láàbù ni ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Rọra, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n máa ṣe lójú rẹ̀ tí kò ní sọ pé "ẹ rọra". Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń yí. Wọ́n á da omi tó ki sórí àwo irin pẹrẹsẹ, irin olórí ṣóńṣó kan á sọ̀ kalẹ̀ lé e, á máa yí, ẹ̀rọ náà á sì máa kà á bí omi ṣe ń dá irin náà dúró tó. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ń sọ bí nǹkan ṣe ki tó. Túùbù tèmi ń sọ bí ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ ṣe gùn tó. Ọjọ́ tí àwa méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè bá wa jiyàn.

Rọra da ohun inú fúláàsì sórí àwo. Irin náà yí, nọ́ńbà jáde, Rọra wojú mi.

"Sẹ́kọ́ndì, omi lo gbé wá."

"Kì í ṣe omi."

"Kò jìnnà sí omi, ṣé o gbọ́?"

A mú èyí tí a fi pamọ́ ní láàbù nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti agolo Bàbá, a pò ó bí ó ti yẹ, a wọ̀n ọ́n. Ó ki bó ṣe yẹ kó ki, kò dín, kò lé. Ohun tó kúrò lọ́dọ̀ wa dáa; ohun tó dé ẹnu Bàbá ti bàjẹ́. Ilé ìdáná kan péré ló wà láàárín méjèèjì. Mo sì rántí pé ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ po nǹkan náà, wọ́n gbé ṣíbí sókè, wọ́n ní, "Ẹ wo àtè! Ṣé èèyàn ló ń mu èyí àbí ẹyẹ la fẹ́ fi mú?"

Nígbà tí mo délé, mi ò tilẹ̀ bọ́ bàtà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ ń bomi la ìyẹ̀fun Bàbá."

Wọ́n gbé ìkòkò ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Tún un sọ."

"Mo ti wọ̀n ọ́n. Àánú wọn ń ṣe yín, ẹ fi ń bomi là á. Nọ́ńbà kì í parọ́."

"Nọ́ńbà kì í parọ́," ni Màmá wí. "Èmi ni òpùrọ́. Èmi tí mo bí ẹ. Èmi ni mo fẹ́ kí rọ́bà wọ imú ọkọ mi."

Ẹyin lohùn. Èyí tó bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn ti fọ́ sílẹ̀ ilé ìdáná, kò sí bí mo ṣe fẹ́ kó o. Mo ní kí n máa ṣàlàyé, Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Sátidé, ìwọ náà ò ní lọ síbi iṣẹ́. Wá jókòó, kí o fi ojú ara rẹ wò ó. Gbé gbogbo aago rẹ dání."

Mo jókòó. Mo gbé aago dání lóòótọ́, àti síríńjì kan tí mo ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Màmá bu ìyẹ̀fun, wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó dọ́gba, ohun tí èmi pàápàá kì í ráyè ṣe. Wọ́n pò ó mọ́ tíì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n ń wò mí. Mo fa díẹ̀ sínú síríńjì dé ìlà kẹwàá, mo jẹ́ kó máa dà fún sẹ́kọ́ndì mẹ́wàá. Ohun tó ṣẹ́ kù ju ìlà mẹ́jọ lọ, ó ki dáadáa. Kò sí àbùkù kankan.

Màmá wá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Wọ́n bu ṣíbí kan, wọ́n tọ́ ọ wò bóyá kò gbóná jù, wọ́n tún bu òmíràn, wọ́n fi sí Bàbá lẹ́nu. Bàbá gbé e mì. Màmá bẹ̀rẹ̀ ìtàn aládùúgbò wa tó ra ajá tó ń bẹ̀rù ológbò. Ṣíbí kan, ìtàn díẹ̀. Ṣíbí kan, ìtàn díẹ̀. Mi ò gbé ojú kúrò lára ife náà. Kò sí ẹni tó bomi sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì kọjá, ìdámẹ́rin ife ló kù, ni ikọ́ bá gbá Bàbá mú.

Mo gba ife náà, mo fa ohun tó kù sínú síríńjì. Kò pé sẹ́kọ́ndì mẹ́wàá tó fi dà tán. Ìṣojú mi ló ki, ìṣojú mi náà ló ṣàn, n ò sì rí ohun tó ṣe é. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Màmá nu ẹnu Bàbá, wọ́n ká aṣọ ìnuwọ́. "Ó yá. Ta ló bomi là á?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"N ò gbọ́."

"Mo ní ẹ má bínú."

"N ò tíì gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ fọ ife.

Ní Ọjọ́ Ajé, mo dé láàbù kí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn tó dé. Bóyá ooru tíì ni. A da ìyẹ̀fun tí a fi tíì pò sórí àwo Rọra, a jẹ́ kí àwo náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, a fi wákàtí kan wò ó. Ìlà tó ń yọ lójú ẹ̀rọ tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Bóyá ṣúgà ni. A fi ṣúgà sí i. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Rọra ní, "Ó lè jẹ́ pé Màmá ń fi ṣíbí rò ó jù. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa rọra." Ìyẹn ò burú. Bí èèyàn bá ń ro irú omi yìí kíkankíkan, ó máa ń rọ̀ nítòótọ́. Mo fi ṣíbí rò ó fún ogójì ìṣẹ́jú títí apá fi ń ro mí. Ó rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé ṣíbí kalẹ̀ ló tún padà ki.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. N ò gbádùn ohun tí n kò mọ̀. Ó máa ń yún mi bí ara tí ọwọ́ ò dé. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù, Bàbá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo imú bí wọ́n bá rí mi tí mò ń bọ̀.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọ fún Rọra pé gbogbo ohun tí a ń ṣe yìí kò jọ bí Bàbá mi ṣe ń mu ún. Wọn kì í mu nǹkan lórí àwo irin. Inú ife ni, pẹ̀lú ṣíbí, pẹ̀lú ìtàn ajá. Mo po ife méjì, mo gbé wọn jáde lọ sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta, torí pé wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn láàbù wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ṣíbí mu ìkejì bí Bàbá ṣe ń mu ún, ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀.

Kí n tún má parọ́: lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyẹ̀fun wa máa kan ahọ́n mi. Ó burú. Ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, kò fẹ́ lọ, kò fẹ́ bọ̀. Òùngbẹ ò kúrò lọ́fun mi bó ti wù kí n mu ún tó. Mo mú ojú le, mo ń bá a lọ.

Nígbà tí ogójì ìṣẹ́jú pé, ife tí n kò fọwọ́ kàn ki síbẹ̀. Èyí tí mò ń mu ti di omi.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ife méjì. Omi kan náà, ìyẹ̀fun kan náà, oòrùn kan náà ló pa wọ́n. Kí ni ọ̀kan ní tí ìkejì ò ní? Mo gbé ṣíbí náà sókè. Ó ń dán. Ìgbà náà ni mo rí i pé ní gbogbo ìgbà tó bá jáde lẹ́nu mi, inú ife ló ń padà sí, kì í sì í padà lófìfo. Itọ́ mi wà lára rẹ̀.

Mo sáré wọlé. Rọra ti da òmíràn sórí àwo, irin rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́. Mo fi ṣíbí kan ahọ́n mi, mo fi kan omi tó wà létí àwo náà.

"Ṣé orí ẹ pé?" Rọra fò dìde. "O tutọ́ sínú ẹ̀rọ mi?"

"Rọra, rọra. Wo ìlà yẹn."

Ó wò ó. Ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti àná ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń rọra ń lọ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò sì dúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ní ó tún ku tèmi. Mo fi omi la èyí tí kò kan itọ́, mo gbà á kọjá nínú túùbù gíláàsì: sẹ́kọ́ndì mẹ́rìnlélógóje. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó kan itọ́: mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Omi lásán jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rin. Kì í ṣe pé àwọn ẹ̀wọ̀n náà tú ara wọn sílẹ̀. Itọ́ ti gé wọn wẹ́wẹ́.

"Ta ló fi ṣíbí oúnjẹ sínú láàbù mi?"

Ọ̀gá wa ló wà lẹ́yìn wa, ọkùnrin arúgbó tí ìwé ìfẹ̀yìntì wọn ti wà lórí tábìlì, tí wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Mo ro pé wọ́n máa lé mi lọ sílé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìdánu dúró. Wọ́n wo ìlà ojú ẹ̀rọ, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó pẹ̀lú gbogbo ìwúwo wọn.

"Ó yẹ kí n ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Láyé tiwa, ẹnu la fi ń fa omi sókè nínú túùbù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti máa ń kìlọ̀ fún èèyàn: tó bá jẹ́ sítáàṣì lò ń fà, ṣọ́ itọ́ ẹnu rẹ, torí itọ́ ń jẹ ẹ́. Nígbà tí rọ́bà kékeré tí a ń fọwọ́ tẹ̀ láti fa omi dé, ẹnu ò kan nǹkan mọ́, a ò sì rí ìdí tó fi yẹ ká tún máa sọ ọ́. Ìmọ́tótó ló jẹ́ ká gbàgbé."

Mo ní, "Ọ̀gá, nǹkan tí wọ́n máa fi sẹ́nu là ń ṣe o."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. Ojú tì wọ́n, èmi náà sì rí i. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé ìgò kan jáde. Ìyẹ̀fun míì ni, oríṣi gọ́ọ̀mù kan tí kì í ṣe sítáàṣì. "Tutọ́ sí èyí náà, kí á wò ó." Mo tutọ́ sí i. Wọ́n ní kí Rọra náà tutọ́ sí i. Rọra kọ́kọ́ rọra wo ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni ń tọrọ àforíjì, ó wá tutọ́. Fún odindi wákàtí kan, ìlà náà ò mira. Kí n tó kúrò lọ́fíìsì, Ọ̀gá ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń kọ ìwé ara agolo, pé kí wọ́n fi ìkìlọ̀ nípa itọ́ kún un.

Mo gbé gọ́ọ̀mù náà délé ní ìrọ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá kí n tó sọ ohunkóhun. "Màmá, ẹ ò bomi là á. Mo ṣì yín mú. Ẹ forí jì mí."

"Mo gbọ́ báyìí," ni wọ́n wí. "Dìde. Kí ló wá ń ṣe é?"

Mo ṣàlàyé. Mo fi ọgbọ́n sọ ọ́, mo ń sọ̀rọ̀ nípa itọ́ lápapọ̀, itọ́ gbogbo aráyé. Màmá ò jẹ́ kí n lọ jìnnà.

"Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ṣùgbọ́n itọ́ Bàbá fúnra wọn náà—"

"Mélòó ni tèmi nínú rẹ̀?"

"N ò mọ̀."

"Sẹ́kọ́ndì ni wọ́n ń pè ọ́, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Lọ wọ̀n ọ́n."

Wọ́n po sítáàṣì náà sínú ife lójú mi, wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n dà á sínú fúláàsì, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kejì, ìdá kan nínú mẹ́ta kíki rẹ̀ ti lọ. Itọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ní gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń rò ó pé màá sọ fún wọn pé díẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tó wù mí kí n parọ́ lórí nọ́ńbà.

"Màmá, ìdá kan nínú mẹ́ta ni."

Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. "Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń tọ́ nǹkan wò fún ọkùnrin yìí kó má bàa jó o lẹ́nu," ni wọ́n wí. "O ṣeun tí o ò tàn mí." Wọ́n wá dìde, wọ́n mú ife kékeré kan wá. "Láti òní lọ, màá máa bu tèmi sọ́tọ̀. Inú ife tèmi ni màá ti máa tọ́ ọ wò."

Gọ́ọ̀mù náà ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ikọ́ dáwọ́ dúró. Mo ń fi síríńjì wọn ìsàlẹ̀ ife Bàbá láràárọ̀, ó ki láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló rú mi lójú: Bàbá ò mu ún tán mọ́. Tẹ́lẹ̀, ikọ́ kì í dá wọn dúró, wọ́n á tún na ọwọ́ sí ìyókù. Báyìí, bó bá ti tó ìdajì, wọ́n á wo inú ife, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á fi ọwọ́ òsì tì í sẹ́yìn. Mo ní bóyá adùn rẹ̀ ni. Màmá fi ọsàn sí i, wọ́n fi oyin sí i. Pàbó ló já sí.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ náà pé, dókítà ọ̀fun fi irin tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí ẹ̀yìn Bàbá, ó gbọ́ òkè, ó gbọ́ ìsàlẹ̀, ó tún padà sí òkè. Màmá di etí aṣọ mi mú.

"Ó mọ́," ni dókítà wí. "Kò sí rọ́bà."

Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Rọra tí wọn ò rí rí. Èmi ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ń wo ahọ́n Bàbá.

"Bàbá, ẹnu yín gbẹ. Ẹ ò mu nǹkan tó. Kí ló dé?"

Bàbá ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò yá lẹ́nu wọn, a sì ti kọ́ bí a ṣe ń dúró.

"Tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìsàlẹ̀ ife. Omi wà níbẹ̀."

Èmi ló kọ́kọ́ yé, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí mi láyà.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé ó ń ṣàn?"

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ mọ̀ pé òun ló ń fa ikọ́?"

Wọ́n tún mi orí.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́!" ni Màmá pariwo. "Ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Bàbá wo Màmá. "Òùngbẹ," ni wọ́n wí.

Ìyẹn ni pé gbogbo ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń gbé àtè yẹn mì, wọ́n ń dúró kí omi dé ni. Wọ́n mọ ohun tó máa ná wọn, wọ́n sì gbà á láràárọ̀. Èmi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá wọn bí omi ṣe ń ki, tí mo tiẹ̀ ti mu ún lórí bẹ́ǹṣì tí òùngbẹ ò sì kúrò lọ́fun mi, kò wá sí mi lọ́kàn pé èèyàn lè máa ṣàárò omi lásán. Mo wá ibi tó ń jò, mo dí i, inú mi ń dùn. Ẹkún gbọ̀n mí, mi ò sì bò ó.

Dókítà ò wo ẹkún mi. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Bàbá. "Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Omi tó mọ́, tó bá kéré, tí ẹnu bá mọ́, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe níbi. Ẹ jẹ́ kí n dán yín wò." Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu Bàbá dáadáa, eyín, ahọ́n, àjà ẹnu. Ó mú kí wọ́n jókòó gbọnrangandan, kí wọ́n tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà díẹ̀. Ó wá bu omi sínú ṣíbí tíì láti inú jọ́ọ̀gì tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó gbé e sí wọn lẹ́nu, ó fi ìka méjì lé gògóńgò wọn.

Bàbá ò gbé e mì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n di ojú. Omi ṣíbí kan péré, wọ́n ń gbé e kiri inú ẹnu wọn bí ẹni tó ń wá nǹkan. Lẹ́yìn náà ni gògóńgò wọn gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa dúró. Màmá tún ti di etí aṣọ mi mú.

Ikọ́ ò wá. Dókítà tún dúró díẹ̀, ó gbọ́ ọ̀fun wọn, ó mi orí pé ó dáa. Ó ní kí a máa fún wọn ní ṣíbí kan kí wọ́n tó jẹun ní àárọ̀, ọ̀kan ní ọ̀sán, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti fọ ẹnu wọn bó ṣe fọ̀ ọ́ yẹn. Tó bá yá, òun á tún wò ó bóyá a lè fi kún un.

Màmá tẹ̀ sí etí Bàbá. "Ṣé ó dùn?"

Bàbá la ojú.

"Ó tutù," ni wọ́n wí.